Kóòtù Ẹnjiníà

Nínú ẹbí bàbá kan, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹnjiníà ni, nítorí náà rédíò tó bàjẹ́ ni wọ́n máa ń gbé wá bá a. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró tì í. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rọ tó ń to ọṣẹ sínú páálí nílé iṣẹ́ wọn, òun ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yìí kì í ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá dúró tì í.

Bó bá ti kúrò báyìí, ẹ̀rọ á dákẹ́. Bó bá padà, á tún bẹ̀rẹ̀ bíi pé kò sóhun tó ṣe é. Ó tú u palẹ̀, ó tún un tò. Ó tún gbogbo àṣẹ tó kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ, pàbó ló já sí. Obìnrin tó máa ń wà nídìí ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Jẹ́jẹ́ nítorí pé kò sóhun tó lè mú un sáré láyé yìí, ní ẹ̀rọ kò bàjẹ́ rárá, ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Ọ̀gá wọn kò bá tìfẹ́ lọ ní tirẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé dídúró ẹnjiníà ni iṣẹ́ fi ń lọ, kó yáa máa dúró. Lẹ́yìn náà ni yóò tún rán an létí pé fíríìjì ọ́fíìsì òun kò tutù mọ́.

Bí ọkùnrin tó kàwé kàwé ṣe di ẹni tó ń káwọ́ gbera lọ́sọ̀ọ̀sán nìyẹn. Àárín ọ̀sán yìí kan náà sì ni ilé ìwé ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń ṣe àṣeyẹ ìparí sáà, tí ọmọ náà ti máa ń ké ewì. Gbogbo ìgbà ni bàbá máa ń ní òun ń bọ̀, gbogbo ìgbà ni ẹ̀rọ kì í jẹ́ kó lọ. Tọdún yìí ni àṣelọ, nítorí ọmọ ti fẹ́ kúrò nílé ìwé náà. Ohun tó wá dun bàbá jù ni pé ọmọ kò tiẹ̀ bi í mọ́ bóyá yóò wá.

Lọ́jọ́ àṣeyẹ, ó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó padà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ó tún yọ́ lọ, ó tún dákẹ́. Ìyá Jẹ́jẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Inú bí ẹnjiníà, ó padà láti wá bú ẹ̀rọ náà. Bó ṣe nawọ́ sí i báyìí ló rí òjìji ara rẹ̀ lórí ojú kékeré tí ẹ̀rọ fi ń rí ọṣẹ. Oòrùn ọ̀sán ló ń gba fèrèsé wọlé, tó ń ràn sí ojú náà, tí kì í jẹ́ kó rí nǹkan kan. Ara ẹnjiníà tó sanra ló ń bá a dí oòrùn. Ohun tó ń wá kiri láti ìgbà yìí, àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló wà. Gbogbo ìwé tó kà, kọ́tìnnì ló sọ ọ́ dà.

Tó bá ní kóun lọ béèrè kọ́tìnnì gidi, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ó bọ́ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ igi ìnulẹ̀, ó so igi náà mọ́ àga, ó sì fi akoto rẹ̀ dé e lórí, torí wọn kì í dúró níbẹ̀ láìdé akoto. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bà jẹ́ díẹ̀ pé ẹ̀rọ kò mọ̀yàtọ̀. Ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn fún un pé ọ̀gá wá, ó dúró lẹ́yìn kóòtù, ó sì ro ẹjọ́ fíríìjì dópin. Nígbà tí kóòtù kò dáhùn, ó pe fóònù rẹ̀, fóònù sì dún nínú àpò kóòtù níbẹ̀ níṣojú ọ̀gá. Ọ̀gá ní ìgbéraga ti wọ ẹnjiníà yìí lára.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà," Ìyá Jẹ́jẹ́ ní. "Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀rọ á dákẹ́."

Lọ́jọ́ àṣeyẹ náà, gbọ̀ngàn ilé ìwé ti kún nígbà tí ẹnjiníà dé. Ó rí ìyàwó rẹ̀ níwájú, ó sì rí ẹni kan tó jókòó tì í. Àyà rẹ̀ já. Ìgbà tó súnmọ́ wọn ló rí i pé kì í ṣe èèyàn, kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ni, èyí tó wá títí tó fi bá alágbàfọ̀ jà. Wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga, èjìká rẹ̀ gún régé, fìlà rẹ̀ sì wà lókè.

"Ọmọ yín ló ní kí n máa gbé e wá," ìyàwó rẹ̀ ní. "Tó bá ti rí i lórí àga, kì í gbàgbé ewì ẹ̀."

Ojú tì í ju bó ṣe lè sọ lọ. Ó gbé kóòtù àti fìlà lé itan, ó jókòó.

Ọmọ jáde, ó wo ibi àga náà bó ṣe máa ń wò ó. Bàbá rẹ̀ ló rí. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, irú ìdákẹ́jẹ́ tí bàbá náà ti mọ̀ dáadáa.

"Ẹ wọ̀ ọ́," ìyàwó rẹ̀ sọ sí i létí.

Ó yára wọ kóòtù, ó dé fìlà. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ ewì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Omi kún ojú bàbá rẹ̀, ó ń ṣàn wá sí àgbọ̀n. Kò nù ún. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá mira, ọmọ lè dákẹ́.