Uncle Tó Ń Ya Orúkọ Sọ́tọ̀

"Má tíì so wọ́n pọ̀." Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni Uncle fi máa ń sọ ọ́ fún mi, tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé sí ọ́fíìsì mọ́sáláṣí wa ní Peckham, ní London. Àwa méjèèjì la jọ ń fi JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà, kọ ètò tó ń fi ìkéde òkú ránṣẹ́ sí fóònù àwọn ará mọ́sáláṣí. Uncle máa ń ya ìkéde sí méjì: ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà lọ́tọ̀, orúkọ olóògbé lọ́tọ̀. Ìgbà tá a bá fẹ́ fi ránṣẹ́ gan-an ni wọ́n tó ń so méjèèjì pọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo kánjú. Mo fi orúkọ Bàbá kan ní Deptford dán ètò náà wò, mo sì lẹ orúkọ náà mọ́ ọ̀rọ̀ ìkéde náà pátápátá, mo gbàgbé láti yọ ọ́. Nígbà tí Alhaja kan kú, orúkọ Bàbá ló jáde lórí fóònù gbogbo ará mọ́sáláṣí. Bàbá pe Uncle: "Mo ṣì ń jẹun o."

"Ẹ má bínú sà, àṣìṣe mi ni." Uncle ò tiẹ̀ wo ibi tí mo jókòó sí.

Láàárọ̀ yìí, ìyàwó wọn pè mí pé Uncle ò jí mọ́. Mọ́sáláṣí ti ń béèrè ìkéde. Ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀, orúkọ Uncle wà lọ́tọ̀.

Mi ò tíì so wọ́n pọ̀.