Bí Òpópónà Wa Ṣe Di Àgànyìn

Láràárọ̀ ni òórùn epo pupa tó ń jóná máa ń gba ojú fèrèsé mi wọlé. Ọmọbìnrin kan ló ń ta ẹ̀wà àgànyìn níwájú ilé, á sì sun epo náà títí gbogbo ayálégbé yóò fi máa wúkọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọmọ mi sín títí, ó nu ojú, ó wá bi mí pé, "Màmá, ṣé ọbẹ̀ yìí ni wọ́n fi sọ òpópónà wa lórúkọ ni?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, orúkọ àdúgbò àti orúkọ oúnjẹ ní ìtàn tí èèyàn ò lè rò. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ìṣin tí wọ́n ń wá mú nínú igbó ló di Muṣin. Igi àràbà ló sọ Ìdí-Àràbà lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè fi igi náà hàn mí mọ́. Ní ti àgànyìn, èèyàn ni. Orúkọ tí Yorùbá Èkó ń pe àwọn ará Tógò àti Gánà ni, àwọn tí obìnrin wọn máa ń se ẹ̀wà rírọ̀ fún wa jẹ.

Ìyá Afí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Yàrá tó kángun sí ilé ìdáná nínú àgbàlá wa lòun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé. Muṣin ni wọ́n bí Afí sí. Yorùbá Èkó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju èmi lọ, torí ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ àwọn òbí mi ṣì wà lẹ́nu mi, òun a sì máa sín mi jẹ. Nígbà ààwẹ̀, bí ìyá mi bá ní ká wá jẹ sààrì, Afí á ti jókòó sídìí àwo, ọmọ tí kì í gbààwẹ̀!

Ọdún kan wá dé tí owó wọ́n gógó nílùú. Rédíò kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sílé, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì fún wọn. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà Ìyá Afí kò kí i mọ́. Ẹnì kan sọ òkúta lu ìkòkò rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń béèrè ẹni tó fi àjèjì pamọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, Ìyá Afí kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, tó máa ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè.

"Ìyá Ṣàkírù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọmọ yìí. Mi ò mọ ibi tí mo máa sùn. Wọ́n ní àwọn ọmọdé ń kú lójú ọ̀nà."

Ìyá mi fà á dìde. "Ọmọ mi ni. Bí wọ́n bá béèrè, màá ní Sàfíyà ló ń jẹ́."

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo rò pé mo ti ní àbúrò.

Lọ́jọ́ kejì, a sin Ìyá Afí dé ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó wọn. Èrò pọ̀ bí eṣú; arúgbó, ọlọ́mọ lẹ́yìn, gbogbo wọn ló ń du ọkọ̀. Afí di ìró ìyá rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wo ojú rẹ̀, ó gun ọkọ̀. Afí kò sunkún. Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra nígbà tí igbe ta látòkè pé, "Ẹ gbé e fún mi! Ẹ dákun, ẹ gbé ọmọ mi fún mi!"

Ìyá mi gbé Afí sókè, àwọn ọwọ́ tí a ò mọ ẹni tó ni wọ́n gbà á, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mò ń ké orúkọ rẹ̀, ariwo èrò bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí, tó ń jà lókè orí àwọn èèyàn.

A retí ìròyìn títí. Ìyá mi a máa lọ dúró de àwọn awakọ̀ tó ń ti Kútọnu bọ̀, á máa bi wọ́n nípa obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá, obìnrin tó gbé ọmọ dání pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn." Bàbá mi ní kó gba kámú, kò gbà. Ó gbé ìkòkò tí Ìyá Afí fi sílẹ̀, ó jókòó sí oríta níbi tí obìnrin náà ti ń tajà, òun náà ń ta ẹ̀wà. Ẹ̀wà rẹ̀ kọ́kọ́ le, epo rẹ̀ korò. Ojú àánú làwọn èèyàn fi ń rà á. Nígbà tó yá, ó mọ̀ ọ́n sè. Ni wọ́n bá ń pè é ní Ìyá Àgànyìn, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọlà kíkún! Oríta di oríta Àgànyìn, òpópónà sì gba orúkọ náà.

Ó bí mi nínú. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kì í ṣe Àgànyìn."

Ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, kò gbójú sókè. "Jẹ́ kí wọ́n máa pè é. Bí Afí bá padà wọ Muṣin, kí ló máa ní òun ń wá, bí kò ṣe Àgànyìn?"

Ìyá mi ti lọ. Ilé wa ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn tó lé Ìyá Afí ti darúgbó ju mi lọ, à ń kí ara wa ní mọ́ṣáláṣí, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọdún yẹn. Àwọn ọmọ mi ní kí n wá máa bá àwọn gbé ní Ìkòròdú. Mò ń wá àwáwí. Afí á ti hewú báyìí, bó bá wà láàyè, ojú rẹ̀ sì ti parẹ́ lọ́kàn mi. Nítorí náà, bí mo bá rí ìyá àgbà kan ní oríta, tó ń wo ilé kiri bí ẹni tó ṣìnà, mo máa ń wọ bàtà, mo máa ń lọ bá a.

"Ẹ kú ìrìn, ìyá. Ta ni ẹ ń wá?"