Irin Tí Mo So Àgbò Mọ́

Lánàá, nígbà tí oníṣẹ́ iná ń fi òòlù gbá irin gígùn wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, mo gbá ọmọ mi mọ́ra. Ìró yẹn gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ìwó, tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìyá àgbà ní kí n so àgbò mọ́ ohun tó lágbára. Mo so ó mọ́ irin kan tó yọrí nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wáyà kan ti ara rẹ̀ wọlé. Àgbò fà á títí wáyà fi já. Mo fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ koríko, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé wáyà yẹn ló ń kó iná tó bá jò sára àpótí onírin tó ń mú omi tutù nínú pálọ̀ lọ sínú ilẹ̀.

Iná dé. Màámi fi aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ tútù di àpótí náà mú láti ṣí i. Wọ́n kígbe, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn. Òórùn rọ́bà tó ń jóná gba ilé. Mo sáré sí wọn.

"Má fọwọ́ kan ìyá ẹ!" Ìyá àgbà fi ọmọ odó gbá ọwọ́ Màámi kúrò. Màámi ṣubú.

"Ìyàwó mi, ṣé o wà láyé?"

"Ẹ fi ọmọ odó lù mí tán, ẹ tún ń bèèrè?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Màámi na apá sí mi.

"Wá, ọmọ mi. Ó ti tán."

Mi ò lọ. Mo rò pé ohun tó dì wọ́n mú nínú àpótí náà ti wọ̀ wọ́n lára.