Ológbò Kọ́ Ló Ń Jẹ Adìyẹ Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mò ń sáré kiri ẹ̀yìnkùlé wa ní Ilé-Ifẹ̀, ìyá mi a máa sin adìyẹ. Pákó àti ògbólógbòó páànù ni bàbá mi fi kan ilé wọn, kò sì sí nǹkan kan nísàlẹ̀ rẹ̀ ju ilẹ̀ lásán lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ó di ìgbà kan tí òròmọdìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ opó ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó sì ní ológbò kan. Ìyá mi ò wádìí. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ní, “Màmá, ẹ so ológbò yín mọ́lẹ̀ o! Òun ló ń kó ọmọ adìyẹ mi jẹ.”

Ìyá àgbà ní, “Ìyàwó, ológbò mi kì í jẹ adìyẹ.”

Bí wọn ò ṣe kí ara wọn mọ́ nìyẹn. Ó dùn mí, torí àádùn tí ìyá àgbà ń ṣe kì í wọ́n wa tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, òjò àkọ́rọ̀ dé tòun ti ìjì, ó sì ṣí páànù ilé adìyẹ. Bàbá mi ti lọ sóko. Ìyá mi sáré jáde, ó ń pariwo. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ìyá àgbà yìí, tó so ìró máyà. Ó di páànù mú kí ìjì má gbé e lọ, ìyá mi sì ń kó adìyẹ. Bó ṣe gbé pákó ìsàlẹ̀ ògiri sókè báyìí, ejò ló ká jọ sínú ihò kan nílẹ̀, ikùn rẹ̀ wú. Ìyá mi figbe ta. Ìyá àgbà fa igi yọ, ó sì lù ú pa.

Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Dìde, òjò ń pa ọ́. Jẹ́ ká kó àwọn adìyẹ wọlé ná.”

Ilé ìdáná ìyá àgbà ni adìyẹ wa sùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí bàbá mi dé, ó fi òkúta àti sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ ilé adìyẹ, ó ta wáyà yí i ká, ó sì fi àpò dí apá ibi tí ìjì ti ń fẹ́ wá. Adìyẹ tó kọ́kọ́ pamọ níbẹ̀, ìyá àgbà ni ìyá mi gbé e fún, tòun tọmọ.

Ọ̀nà Mayfair ní Ifẹ̀ níbí ni mò ń gbé báyìí. Ilé adìyẹ tèmi le dáadáa, ejò ò lè wọ̀ ọ́, fẹ́ǹsì èmi àti àwọn aládùúgbò mi sì ga. Lọ́dún tó kọjá, ìjì ṣí páànù rẹ̀. Mo fi fóònù pe kápẹ́ńtà, ó dé nígbà tí òjò dá, ó sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àdúgbò, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òjò bá wa jà.