Ìdajì Afárá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju etí dúrọ́ọ̀mù omi òjò lọ, etí ni mo fi ń mọ̀ pé oúnjẹ ti dé. Orí omi ni ilé wa wà, lórí òpó igi, lọ́nà Zion Pepe létí òkun. Ilé ìdáná ìyá mi dá dúró lórí òpó tirẹ̀ lẹ́yìn ilé, nítorí iná ààrò ẹja kì í bá ilé pákó ṣeré. Afárá pákó kan ló so méjèèjì pọ̀. Láàárín afárá yẹn gan-an ni pákó kan wà tí ìṣó rẹ̀ ti tú. Bí Ìyé, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pe ìyá mi, bá gbé àwo dání tó sì tẹ̀ ẹ́, á dún kọ̀ọ̀. Bí mo bá ti gbọ́ kọ̀ọ̀, mo ti sáré lọ fọwọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sórí omi, ẹ ó rántí. Òkèlè púpurú gbígbóná, ọbẹ̀ màrúgbò dúdú tí edé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, àti èéfín ẹja tí kì í kúrò lára aṣọ bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Àwọn ọmọ olùkọ́ tí wọ́n ti òkè wá máa ń yínmú sí wa ní ilé-ìwé. Àìmọ̀ ló ń dà wọ́n láàmú. Láàárọ̀ mo máa ń bá Ìyé yí ẹja padà lórí ààrò, lọ́sàn-án mo máa ń fọ dúrọ́ọ̀mù kí òjò tó rọ̀. Bí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ epo bá sáré kọjá, ìgbì á mi gbogbo ilé, èmi á sì máa jó lórí afárá bí ó ti ń mì. Bàbá mi kì í fẹ́ rí i. Ìyà rẹ̀ kò ju pé kí n jókòó sórí afárá kan náà, kí n máa fi ìkarahun ha ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ kúrò lára pákó. Mo ha á títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èmi ni mo ń tọ́jú afárá yẹn.

Ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ kó sí àwọ̀n mọ́ nígbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ a máa ń rí iná gáàsì àwọn elépo tó pọ́n lójú òkun lọ́hùn-ún, epo sì máa ń léfòó wá sábẹ́ ilé nígbà mìíràn. Bàbá ronú títí, ó ta àwọ̀n ńlá tí òun àti Ìyé jọ ní, ó fi ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, pé òun fẹ́ máa gbé òṣìṣẹ́ epo lọ bọ̀. Kò sọ fún Ìyé. Ọjà ni Ìyé wà tí ẹlòmíràn fi ń kí i kú oríire ẹ́ńjìnnì. Háà! Ó délé, kò pariwo. Ó ní ká ní Bàbá béèrè ni, òun ìbá gbà. Àìbéèrè yẹn ni kò lè gbé mì. Àwọn ẹbí bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́, òun kò fẹ́ Bàbá mọ́, kí wọ́n wá pín ẹrù.

Wọ́n wá lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ẹ̀gbọ́n, ló jókòó sí àárín lórí pèpéle iwájú ilé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní àdúgbò wa kò le: ohun tí obìnrin bá fi ẹja yíyan rà, tirẹ̀ ni, ohun tí ọkùnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tirẹ̀ ni. Ilé di ti Bàbá, pẹ̀lú ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Ìyé mú ẹní, ìkòkò, dúrọ́ọ̀mù, àti àjẹ̀ tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ fún un láti máa fi wa ọkọ̀ nígbà tó ń lọ ilé ọkọ. Ẹ gbà mí o, orí aago ògiri ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìjàkadì, aago tí kò ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi!

Wọ́n ní èmi á dúró lọ́dọ̀ Bàbá. Ilé ìdáná jẹ́ ti Ìyé, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u ní pákó-pákó, kí ó kó o sínú ọkọ̀, kí ó lọ tún un kàn lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Òde Máhìn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo lọ dì mọ́ òpó ilé ìdáná. Mo rò pé bí n kò bá jọ̀wọ́ rẹ̀, wọn kò ní rí i tú.

Ó wá ku afárá. Ìyé ní òun lòun ra pákó rẹ̀. Bàbá ní òun lòun kàn án. Bàbá Ẹ̀gbọ́n họ irùngbọ̀n, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ẹ yọ àárín rẹ̀,” ó ní. “Èyí tó kan ilé, kí ọkọ mú un. Èyí tó kan ilé ìdáná, kí ìyàwó mú un. Ebi ń pa mí jàre.”

Bàbá mú òòlù, ó tú àwọn pákó àárín. Pákó tó ń dún kọ̀ọ̀ yẹn wà nínú wọn. Mo sunkún lé e lórí ju bí mo ṣe sunkún lé ohunkóhun mìíràn lọ lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ẹ̀gbọ́n Ìyé gbé ọkọ̀ ńlá wá láti kó ilé ìdáná. Ìyé yọjú sí wọn nínú èéfín.

“Ẹja mi ṣì wà lórí iná,” ó ní. “Ẹ máa lọ ná.”

Wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Ẹja ṣì wà lórí iná. Wọ́n wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n wá nígbà òjò. Irú ẹja wo ni kì í jinná? Nígbà tó yá wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò gbé ọkọ̀ wá mọ́. Ìyé ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń wú ikọ́ èéfín, kò sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, á dúró sí ìdajì afárá tirẹ̀, á gbé àwo lé orí àjẹ̀ náà, á nà án kọjá omi. Èmi á dúró sí ìdajì ti Bàbá, màá gbà á. Oúnjẹ yẹn máa ń pọ̀ ju ti ọmọdé kan lọ. Bàbá á jókòó sínú ilé bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Nígbà tó bá yá, á kùn pé, “Ìyá Bọ́lá yìí fẹ́ fi oúnjẹ pa ọmọ ni?” Á sì bomi fọwọ́, á wá bá mi jẹ ẹ́. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí iyọ̀ bá pọ̀, Bàbá á ní kí n lọ sọ fún un.

Mo lọ ilé-ìwé girama ní Òkìtìpupa, mo ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí mo dé fún ìsinmi àkọ́kọ́, òpó nìkan ni mo bá lẹ́yìn ilé, omi ń ṣàn láàárín wọn. Mo wo Bàbá. Ó gbójú sílẹ̀.

“Ẹja ìyá ẹ ti jinná,” ó ní.

Ibẹ̀ ló ti wá yé mi. Èmi ni ó ń dúró dè nínú èéfín yẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Lóde òní, kóòtù ni wọ́n ti ń pín ẹrù, wọn á tà á, kálukú á mú tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi àjẹ̀ na oúnjẹ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà kọjá lórí omi ní ọ̀dọ̀ wa, kò ní pákó tó tú. Ìyé ti kú. Bàbá náà ti tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kí Bàbá tó lọ, ọdọọdún tí mo bá wálé ni mo máa ń rí pákó tuntun lára ìdajì afárá rẹ̀, afárá tí kò dé ibì kankan. Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà kan, mo bi í pé kí ló ń tún un ṣe sí.

Ó yà á lẹ́nu pé mo lè béèrè irú ìyẹn. Ó ní, “Bí ìyá ẹ bá gbé oúnjẹ wá ńkọ́, ibo ni màá dúró sí gbà á?”

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí. Táìlì ni ilẹ̀ ilé mi láti ilé ìdáná dé pálọ̀, bí mo bá sì gbé oúnjẹ dání, kì í dún rárá.