Apá Ọ̀tún Ìyá Wa

Ó ṣe o! Ó dìgbà tí a bá tún fojú kan ara wa, Ìyá mi, Àṣàkẹ́, ẹni tó yan gàrí ní Lalupon kí n lè kàwé di tíṣà.

Ìwé ìsìnkú a máa pe gbogbo òkú ní oníwà tútù. Ẹ kò ní í fẹ́ kí n parọ́. Alágídí lẹ jẹ́, ọwọ́ yín kì í sì í pẹ́ dé etí ẹni.

Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé kan ní Ìjàyè, kò sì sí ẹni tó kù nílé tí yóò máa tọ́jú yín. Mo mú yín lọ sí ilé àwọn arúgbó tí ìjọ dá sílẹ̀ lẹ́bàá Moniya. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé. Ẹ gbá olùtọ́jú yín létí, ẹ da ẹ̀kọ nù, ẹ sì ń pariwo pé, “Ta ló tún ń yọ́ bọ̀ wá bá mi yẹn?” Wọ́n ti sọ yín ní Ìyá Oníjà. Wọ́n ní bí ìwà yín kò bá yí padà kí oṣù tó parí, kí n wá gbé yín. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní ní Ìjàyè, kíláàsì ni mo sì ń wà láti àárọ̀. N kò mọ ibi tí n ó gbé yín sí.

Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọjú sí fèrèsé, apá òsì yín ló wà níhà ilẹ̀kùn. Mo rìn yí bẹ́ẹ̀dì po, mo dọ̀bálẹ̀ lápá ọ̀tún, mo kí yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, “Àkànní, o ti jẹun?”

Nọ́ọ̀sì àgbà tó mú mi wọlé ní, “Tíṣà, kí ló dé tẹ́ ẹ yí bẹ́ẹ̀dì po kẹ́ ẹ tó kí wọn?”

Mo ní, “Bá a ṣe ń kí wọn nílé nìyẹn.”

Mo sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Etí òsì yín ti di kí ẹ tó bí mi. Láti kékeré la ti ń gba apá ọ̀tún yín, tó fi dà bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí mo mú yín wá. Àwọn olùtọ́jú ń kí yín, ẹ kò gbọ́. Ọwọ́ àjèjì nìkan lẹ ń bá lára yín lójijì. Ta ni kò ní í gbáni létí?

Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì náà kí apá ọ̀tún yín lè wà níhà ilẹ̀kùn, ìjà sì rọlẹ̀. Ti pé kí wọ́n fi omi tútù wẹ̀ yín, ẹ kò gbà títí dọjọ́ ikú. Olùtọ́jú tí ẹ gbá létí ló wà lọ́dọ̀ yín níkẹyìn, ó ní ẹ di òun lọ́wọ́ mú.

Orúkọ tí wọ́n sọ yín yẹn, èmi ni mo fà á. Ó dùn mí, Ìyá. Ẹ dárí jì mí.

Kí wọ́n tó bo pósí, apá ọ̀tún ni n ó gbà wá. N ó kọ́kọ́ pè yín kí n tó fọwọ́ kàn yín. Ẹ sùn re o, Ìyá. Àkànní ni.