Ìlà Funfun Abang Shahrom

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Abang Shahrom, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan sọ níwájú rẹ̀ pé ọkọ̀ òun lágbára. Kíá ni yóò gbé ife tíì kalẹ̀. "Agbára ṣe kí ni? Ṣé ó mọ ìdúró?" Ní ìsọ̀ tíì tó wà lẹ́bàá ọjà ní Tapah, níbi tí àwa tí ọ̀rọ̀ mọ́tò ń dùn mọ́ máa ń jókòó sí, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò tíì bà nínú wa. Ó sọ fún Seng, ọ̀kan nínú wa, pé apá ńlá tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ dára gan-an fún sísá aṣọ. Àwọn ọkọ̀ eré ìsinsìnyí, ó ní wọ́n ti sanra jù.

"Wọ́n á kó tẹlifíṣàn àti àga olówó iyebíye sínú rẹ̀ títí á fi wúwo bí erin, wọ́n á wá máa wá ẹ́ńjìnnì tó lè gbé e. Ẹ gé ọ̀rá kúrò ná!"

Ọkọ̀ tirẹ̀ jẹ́ Satria pupa kékeré, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ wá láti Japan, láti ara ọkọ̀ tí wọ́n gé sí méjì lọ́hùn-ún tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó ìlàjì iwájú rẹ̀ wá. Oṣù mẹ́jọ ló fi tò ó. Ṣùgbọ́n bíréèkì ni ìfẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Abang, ẹ̀gbọ́n; abẹ́ ìbòjì ilé rẹ̀ ló sì ti ń tún bíréèkì gbogbo wa ṣe. Bí ó bá ti dè nọ́ọ̀tì kan pinpin, á fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìlà yẹn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. "Ìlà mi kì í parọ́," báyìí ni ó máa ń wí.

Nínú oṣù ààwẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pè mí lórí fóònù. "Jalil, gbé ọkọ̀ rẹ wá. Báyìí, báyìí!"

Ẹnu géètì ni mo bá a, kò tilẹ̀ kí mi. Satria kò sí nílé. Munirah, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti olóògbé ìyàwó rẹ̀ bí, tó ń ṣe olùkọ́ ní Tanah Rata lórí òkè, ti gbé e lọ láti kó ẹrù rẹ̀ wálé nítorí pé ilé ìwé ti gba ìsinmi.

"Abang, kí ló dé?"

"Mo fa ìlà kí n tó dè é."

A ti wọ ọkọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ìrọ̀lẹ́ àná ló pààrọ̀ bíréèkì iwájú. Ebi ààwẹ̀ ti mú un, ó fi ìka lásán ti nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àyè wọn, ó sì ní kí òun fa ìlà gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀dà tó gbẹ, kí òun tó wá dè wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe ìrun. Ó wọlé lọ ṣínu. Nígbà tó jáde, ó rí ìlà funfun mẹ́rin, ó dá táyà padà, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó ti parí.

"Sípánà gígùn tí mo fi ń dè é ṣì wà nínú páálí, Jalil. N kò ṣí i rárá."

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà òkè yẹn mọ̀ pé kọ́nà ni lórí kọ́nà, ọ̀gbun sì wà lápá kan. A pe Munirah títí, kò gbé e. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ pé awakọ̀ kì í fọwọ́ kan fóònù.

"Sáré!"

"Mo ń sáré, Abang."

"Sáré sí i! Rọra, kọ́nà nìyẹn! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọkọ̀ náà fúyẹ́. Èmi ni mo mú kí ó fúyẹ́. Bí ọ̀kan bá bọ́, èkejì á dì í mú díẹ̀." Ní kọ́nà kan a rí nǹkan pupa nísàlẹ̀ láàárín igbó, ó sì pariwo bí ẹni tí iná jó. Tapólì ìsọ̀ àwọn tó ń ta oyin ni.

Ní Lata Iskandar, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, a rí Satria lẹ́bàá ọ̀nà, ó wà lódindi. Munirah dúró tì í, fóònù lọ́wọ́.

"Abah? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ pè mí ni."

Abang Shahrom ti wà lórí eékún lẹ́bàá táyà. "Má gbé e lọ! Má fọwọ́ kàn án! Nọ́ọ̀tì yẹn..."

"Mo ti fi sípánà inú búùtù dè wọ́n, Abah. Ní àárọ̀ kí n tó jáde. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dẹ̀."

Ó gbójú sókè. "Ta ní kí o yẹ̀ wọ́n wò? Ìlà mi wà níbẹ̀."

Munirah ń wo ilẹ̀. "Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo bá wọn tí wọ́n dẹ̀."

"O kò sì sọ fún mi?"

"Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́? Láti ìgbà tí Mak ti kú, ìdí ọkọ̀ nìkan ni mo ti ń rí ẹ̀rín yín."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ní tèmi, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọ wà láàyè, kí la tún ń wá? Munirah kò bá mi rín. Táyà iwájú ọkọ̀ mi ló ń wò, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ó gbà sọ̀ kalẹ̀ padà sí Tapah.

"Pak Cik Jalil," ó ní, "ta ló tún bíréèkì tiyín ṣe?"

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo wo Abang Shahrom. Ó ti ń dìde, ó na ọwọ́ sí mi. "Jáàkì ńkọ́? Fún mi ní sípánà." Mo kó méjèèjì wá láti inú búùtù. Ó di sípánà náà mú fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e fún ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ni kí o dè é," ó ní. "Èmi á máa wò ọ́."